Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà

Ìwé náà kò léèpo mọ́ nígbà tó dé ọwọ́ mi.
Oníkajú kan ní Tákíé ti fa iwájú rẹ̀ ya,
ó ti fi di kajú fún oníbàárà,
ó fẹ́ fa ìyókù ya ni mo bá bẹ̀ ẹ́.
N ò mọ orúkọ ìwé. N ò mọ ẹni tó kọ ọ́.
Ojú ìwé kẹtàlá ni èmi àti obìnrin yẹn ti pàdé,
lóru, nínú yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀,
ó lóṣòó, ó ń fi ìka kan ẹsẹ̀ àwọn tó sùn,
ó ń kà wọ́n wúyẹ́wúyẹ́.
Èèyàn márùn-ún ló sùn.
Ẹsẹ̀ mọ́kànlá ló kà.
Ẹni tó kọ̀wé ò sì padà sọ ẹni tó ni ọ̀kan tó lé.

Ìsàlẹ̀ Afọ́n ni mo ti kà á.
Wọ́n ti mú iná lọ látàárọ̀,
tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu mi, itọ́ ń kán sójú ìwé,
bàbá mi ń hanrun ní pálọ̀ bí ọlọ tí kò rí ata lọ̀.
Mo ká ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìdí.
Mo kà wọ́n. Méjì ni. Mo tún kà wọ́n.

Ìwé ò fún obìnrin náà lójú, kò fún un nímú,
ó kàn ní ó yíjú padà, ó sì parí orí ìtàn yẹn síbẹ̀.
Èmi tí mò ń kà ni mo wá ojú yá a.
Ojú Ìyá Àwẹ̀ró ni mo fà jáde,
tó ń ta karosíìnì lẹ́yìnkùlé wa,
tí wọ́n ní kí n lọ pè wá jẹun nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje.
Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.
Ojú wọn là sílẹ̀. Wọn ò dá mi lóhùn.

Nígbà tí mo ròyìn ẹsẹ̀ mọ́kànlá fún Oyèlàrán,
ó bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti fi ṣe fíìmù tipẹ́!
Ìwọ nìkan ló ṣì ń fìyà jẹ ojú."
Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Arówómọlé la ti wò ó,
láàárín fóònù olóhun tó ń gba iná,
jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn wa.

Háà, wọ́n fún obìnrin náà lójú!
Wọ́n kun àtíkè fún un bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé,
wọ́n fi eyín ayùn sí i lẹ́nu,
ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tòmátò inú agolo pọ́ńbélé.
Kó tó yọ, orin á ti sáré ṣíwájú wá kéde.
Àlejò tó ránṣẹ́ ṣáájú, ẹ̀rù wo ló kù nínú rẹ̀?
Ẹsẹ̀ ńkọ́? Wọ́n dín in kù sí mẹ́wàá géérégé;
bóyá ẹyọ kan tó lé wọ́n lọ́jà.
Oyèlàrán fò sókè, ó da gààrí sára.
Èmi káwọ́ mọ́ àyà bí olùkọ́ tó ń máàkì:
"Kò sí èyí nínú ìwé. Èyí náà ò sí."
Ó ní, "Ṣé ìwé lo wá wò ni?"

Ó ku díẹ̀ kó parí, orin dákẹ́.
Obìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà,
a ò rí ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ la rí.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà,
ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, imú wọn kọjú síta,
bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé,
ó sì wọlé.
Kò ju ìyẹn lọ.
Oyèlàrán ń gbọn gààrí kúrò lára, kò tilẹ̀ rí i.

Mo délé, mo tú ìwé láti ìdí dé orí.
Kò sí bàtà níbẹ̀.
Ẹni tó kọ ọ́ ò mọ̀. Ẹni tó ya fíìmù ló mọ̀,
àti èmi, tí mo ti mọ̀ ọ́n tí mo gbàgbé:
sálúbàtà Ìyá Àwẹ̀ró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà,
méjì, ó tò, imú kọjú síta.

Bí wọ́n bá bi mí èwo ló dára jù,
ìwé ni mo máa ń wí. Ohùn mi á sì lọ sílẹ̀.

Lálaalẹ́ ni mò ń kó bàtà wọlé,
tèmi, ti ìyàwó, ti ọmọ.
Ìyàwó mi bèèrè ìdí.
Mo ní nítorí òjò ni.
Ọyẹ́ ló ń fẹ́ níta.